Ọ̀fọ̀ Tí A Gbé Pamọ́ Dé Brunswick

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Israel kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní Douglasville pé kó lọ kí i, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá.

Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn méjì mọ̀. Bàbá Gabriel, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ni ọ̀fọ̀, ni kò mọ̀. Oyèrónkẹ́ ọmọ rẹ̀ ló so bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà, tó ki ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, tí kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Oyèrónkẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń ṣiṣẹ́ náà ní Atlanta, ó sì ti dúró ti dókítà lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún ìdílé kan pé ẹni wọn ti lọ. Àwọn òyìnbó kì í fi í pamọ́. Wọn á ní kí wọ́n jókòó, wọn á sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ó tán. Nílé tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í tú ọ̀fọ̀ fún àgbà lórí fóònù, wọn kì í sì í tú u fún un lójú ọ̀nà. Wọn á ní ara ẹni náà kò yá. Wọn á mú àgbà náà dé ilé, wọn á fún un lómi, wọn á jẹ́ kó fi nǹkan sẹ́nu, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yí i ká, kí ẹnu tó tọ́ tó là á.

Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ̀gbọ́n Gabriel àti Israel, àkọ́bí ìyá wọn, tí gbogbo ìdílé ń pè ní Big Mummy, ló pàṣẹ láti Ìrágbìjí.

“Ọkàn Gabriel kò lè gbà á,” ló wí. “Ẹ gbé e dé ilé Israel, kí pásítọ̀ wà níbẹ̀. Rónkẹ́, ṣé o ń gbọ́ mi? Bí ẹnikẹ́ni bá là á fún un kó tó jókòó, tí nǹkan bá ṣe é, ẹni náà ló pa á. Èmi àti onítọ̀hún ni títí ayé.”

“Mo gbọ́, mà,” ni Oyèrónkẹ́ wí.

Àṣẹ náà ì bá rọrùn bí kì í bá ṣe ìjà ọdún méjìlá.

Nígbà tí ìyá wọn kú ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Gabriel wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la àyà rẹ̀ láti tún ọkàn rẹ̀ ṣe ni. Israel wọ bàálù lọ sílé lọ sin ìyá. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kí wọ́n má ṣe já Gabriel láyà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wí pé, “Màmá ń sùn, Bọ̀dá mi. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Màmá ní kí n kí yín.” Gabriel á tún rán an níṣẹ́ padà sí Màmá: kó sọ fún un pé òun ti ń rìn, kó sọ fún un pé òun ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹnì kan wá kí i ní ọsibítù, onítọ̀hún yọ fóònù, ó fi fídíò ìsìnkú hàn án láti fi bá a kẹ́dùn. Ibẹ̀ ni Gabriel ti rí pósí ìyá rẹ̀, tó sì rí Israel tó ń bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti parí láàárín wọn. Israel wá láti Brunswick lẹ́ẹ̀mẹta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré níwájú gáréèjì. Gabriel dúró nínú gáréèjì, ó wò ó, ó tẹ bọ́tìnì, ilẹ̀kùn ńlá náà sì rọra ń wálẹ̀ títí tó fi bo àbúrò rẹ̀ mọ́ ìta. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìjà náà ti pọ̀ jù. Ẹni tí wọn kò yọ sílẹ̀ nínú òkú ìyá rẹ̀ ni í sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó ń dẹ́rù ba Oyèrónkẹ́ ju ọ̀fọ̀ lọ. Ohun tí Israel ṣe ni òun náà ń ṣe láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí bàbá rẹ̀ bá mọ̀ pé ó ti mọ̀, ilẹ̀kùn yẹn yóò wálẹ̀ lójú òun náà. Òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ bí.

Dìákónì George ló ni ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ Gabriel ni láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń kó ẹrù ní wíàháòsì ní Douglasville. Ọjọ́ tí George fẹ̀yìn tì ló ra RV náà, ọkọ̀ gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìyàgbẹ́ nínú. Òun ni wọ́n bẹ̀, nítorí pé ìbàdí Gabriel kò gbà kó jókòó ju wákàtí kan lọ, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà.

“Gabriel, ilé ìyàgbẹ́ wà lẹ́yìn o,” ni George wí bí wọ́n ṣe bọ́ sórí I-20. “Má ṣe bí ìyàwó tuntun. Tí ó bá ti gbọ̀n ọ́, dìde.”

“Ìwọ wo iwájú rẹ. Ọkọ̀ yìí ń mì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kí nìdí tí Ìyá Praise ìyàwó rẹ kì í fi í wọ̀ ọ́?”

“Ó ní òun kò lè fi ilé sílẹ̀ lọ sùn nínú ilé.”

Gabriel rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Oyèrónkẹ́ ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Bí abẹ́rẹ́ ló rí lára rẹ̀.

Wọ́n la àárín Atlanta kọjá, wọ́n mú I-75, wọ́n fi Jonesboro sílẹ̀ lápá kan. George kò sáré. Aago mẹ́rin ni pásítọ̀ tó lè dé láti ibi iṣẹ́, kò sì yẹ kí wọ́n ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìrìn wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ni wọ́n ń fà gùn yìí. Nígbà tí wọ́n yà ní Macon, tí ọ̀nà gùn lọ gbọọrọ láàárín igi páìnì, Gabriel bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹjọ́ rẹ̀ tò.

“Mi ò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀,” ló wí. “Tí mo bá wọlé, màá jókòó. Kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe. Kó dárúkọ ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti irọ́ tó pa lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.”

“Aláìsàn ni wọ́n ní kí o lọ kí,” ni George wí. “Wọn ò sọ pé kóòtù ni o ń lọ.”

“Àìsàn kò dí ẹnu. Àbí ó dí i lẹ́nu, Rónkẹ́? Ìwọ ni nọ́ọ̀sì.”

“Daddy, ẹ mu omi,” ni Oyèrónkẹ́ wí.

“Omi kọ́ ni mo bi ọ́.” Ṣùgbọ́n ó gba omi náà. “Kí ni wọ́n tiẹ̀ ní ó ń ṣe é gan-an?”

“Ọkàn ni, sà.”

“Ọkàn.” Ó gbé ọwọ́ lé àpá tó wà láàárín àyà òun fúnra rẹ̀. “Àrùn ilé wa nìyẹn. Kó yáa jẹ́ kí wọ́n la tiẹ̀ náà. Kò dùn, ṣùgbọ́n èèyàn á yè é. Màá sọ fún un.”

George yí ojú sí fèrèsé rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju igi lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n dúró níbi tí ọkùnrin kan ti ń ta ẹ̀pà sísè lẹ́bàá ọ̀nà, nínú ìkòkò ńlá tó ń hó. Òórùn rẹ̀ ló mú Gabriel sọ̀kalẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó sì dúró gbagidi.

“Ẹ̀pà Ìrágbìjí gan-an nìyí,” ló wí. “George, jẹ ẹ́. Israel yìí, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, orí ẹní ló ti máa ń jẹ ẹ́. Yóò wá rọra kó èèpo rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí Màmá bá gbá ilẹ̀ débẹ̀, èmi ni wọ́n á nà.”

“O kò tú àṣírí rẹ̀?”

“Ta ló máa gbà? Ó ní ojú bí ojú áńgẹ́lì. Èmi ló ní ojú olè.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ mú lára ọkọ̀. “Olóríburúkú ọmọ! Ó sì máa ń sunkún tí wọ́n bá ń nà mí, ìyẹn ló wá ń dùn mí jù. Ẹkún rẹ̀ máa ń ju tèmi lọ.”

Ó ra àpò ẹ̀pà méjì. Ó fún wọn ní ọ̀kan, ó gbé ìkejì lé itan ara rẹ̀ nígbà tó padà jókòó.

“Ti Israel nìyí,” ló wí. “Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí wọn ò bá jẹ́ kó jẹ ẹ́, yóò gbóòórùn rẹ̀.”

Oyèrónkẹ́ dìde, ó wọ ilé ìyàgbẹ́ ọkọ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi kó lè máa dún, ó sì fi eyín di tówẹ̀lì mú. Nígbà tó jáde, ó ti bọ́jú. Bàbá rẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Wọ́n fi I-95 sílẹ̀ ní apá gúúsù Savannah, George sì bọ́ sí ojú ọ̀nà àtijọ́ tó ń bá etí òkun lọ, kí aago lè tó. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Koríko irà tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ títí dé ibi tí ojú lè rí dé, omi ń kọ yànrànyànràn láàárín rẹ̀, ẹyẹ funfun dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ní Darien, ọkọ̀ àwọn tó ń pa edé tò sẹ́bàá odò, wọ́n fi àwọ̀n kọ́ sókè kó gbẹ. Gabriel ń wò wọ́n.

“Rónkẹ́, pè é,” ló wí.

“Ta ni, Daddy?”

“Israel. Pè é lórí fóònù, kí o gbé e fún mi.”

“A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ sà.”

“Ìdí tí mo fi ní kí o pè é nìyẹn. Tí a bá fojú kan ara wa, n kò ní lè sọ ọ́. Mo mọ ara mi. Tí mo bá rí i, ojú á tì mí, màá tún máa bínú. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un lórí fóònù pé ó ti tán, kí n tó wọlé. Nígbà náà, tí mo bá débẹ̀, ẹ̀pà la máa jẹ.”

George di sítíárìn mú. Oyèrónkẹ́ gbé fóònù jáde kúrò nínú báàgì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan rẹ̀.

“Ó ń sùn, Daddy,” ló wí.

Kò ronú kó tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ẹnu jù lọ ni. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde, kò sì lè dá a padà.

Nígbà tí Gabriel yí ojú sí i, kò sí ìbínú níbẹ̀. Ojú ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá rí ni.

“George,” ló wí, “dúró.”

“Gabriel, kò sí ibi tí a lè—”

“Mo ní kí o dúró.”

George yà síbi gbalasa kan tó wà lẹ́bàá odò. Gabriel bọ́ bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Oyèrónkẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí òkúta náà.

“Ọjọ́ wo?” ni Gabriel wí.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ni George wí láti orí àga dírẹ́bà, “jẹ́ ká débẹ̀ ná.”

“Ìwọ kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Rónkẹ́, ọjọ́ wo?”

Ó lè purọ́. Ohùn Big Mummy wà létí rẹ̀: ẹni náà ló pa á. Ó wo ọrùn bàbá rẹ̀, níbi tí iṣan ti ń lù. Ó ń lù déédéé.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Daddy. Ní ọ̀sán. Ó jókòó sórí àga, kò dìde mọ́.”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.” Ó ka ìka rẹ̀. “Ìwọ mọ̀ lánàá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Nígbà tí mo ní kí o bá mi wá fìlà aláwọ̀ ewé yẹn, nítorí pé Israel ló rà á fún mi. O mọ̀.”

“Mo mọ̀, Daddy.”

“O sì wá a.”

“Mo wá a, sà.”

“O tún fọ̀ ọ́.”

Oyèrónkẹ́ di bàtà bàbá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ jọ̀ọ́, Daddy. Ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Big Mummy ló ní—”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó rán ọ. Israel náà ní dókítà ló ní kí òun ṣe é.”

Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó dìde, ó rìn lọ sí etí odò. Ó dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ọkọ̀ apedé kan ń wọlé bọ̀ láti ojú òkun, ẹyẹ rọ́ tẹ̀lé e. Kò sunkún. Oyèrónkẹ́ ń wo èjìká rẹ̀ bóyá yóò mì, kò mì. Nígbà tó padà, ó dúró lókè orí rẹ̀.

“O ti sùn?”

“Sà?”

“Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. O ti sùn?”

“Rárá, Daddy. Kò wá.”

“Mo rí i. Mo rò pé shift ló pọ̀ fún ọ.” Ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀. “Ọjọ́ mẹ́ta péré, wo bí o ṣe rù.” Ó yí ojú sí odò. “Ti Israel jẹ́ mẹ́sàn-án.”

Ó wọ inú ọkọ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, ó fa kọ́tìnì. Ó fi àpò ẹ̀pà sílẹ̀ lórí àga.

Láti Darien sí Brunswick kò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Oyèrónkẹ́ jókòó ti George, kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn já sí, bóyá ẹ̀dùn ni, bóyá ó ń ṣírò ẹ̀ṣẹ̀ òun mọ́ ti Israel. Fóònù rẹ̀ tàn. Clara, ìyàwó Israel, ló kọ̀wé: *Pásítọ̀ ti dé. Big Mummy ti wà lórí fídíò. Ṣé Bọ̀dá kò tíì mọ̀?* Oyèrónkẹ́ wo kọ́tìnì náà. Kò dá a lóhùn.

“Jẹ́ kó wà,” ni George wí jẹ́jẹ́. “Ó kéré tán, ó ń mí.”

Ọkọ̀ ti tò sí àdúgbò náà kí wọ́n tó dé. Àwọn obìnrin méjì tó wọ dúdú sáré wọlé bí wọ́n ṣe rí RV. Kọ́tìnì ṣí. Gabriel jáde, ó ti wọ fìlà aláwọ̀ ewé náà. Oyèrónkẹ́ na ọwọ́ sí i lórí àtẹ̀gùn. Ó kọjá lára ọwọ́ náà, ó di èjìká George mú, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ilẹ̀kùn ti wálẹ̀ nìyẹn, ni Oyèrónkẹ́ wí nínú ara rẹ̀.

Clara kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà.”

“Ìyàwó wa. Pẹ̀lẹ́ o.”

Wọ́n mú un jókòó sórí àga ńlá. Wọ́n fún un lómi, ó mu ún. Wọ́n gbé ìrẹsì kalẹ̀, ó fi síbí mẹ́ta sẹ́nu, ó gbé e mì. Àwọn ọkùnrin márùn-ún láti ṣọ́ọ̀ṣì jókòó yí i ká, wọ́n ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé fóònù ti àwo òdòdó kan lórí tábìlì, ojú Big Mummy wà nínú rẹ̀, gèlè dúdú lórí rẹ̀. Oyèrónkẹ́ dúró ti ògiri lẹ́yìn gbogbo wọn.

“Bàbá,” ni pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀, “ayé tí a wá yìí, kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ títí.”

“Ẹ dúró ná, pásítọ̀,” ni Big Mummy wí láti inú fóònù. “Gabriel, wo ibí. Ojú rẹ kò dà bí ojú ẹni tí kò tíì gbọ́ nǹkan. Rónkẹ́ dà? Níbo lọmọ yẹn wà? Rónkẹ́, ṣé o ti lanu sí i?”

Gbogbo ilé yí ojú sí ògiri.

“Gbọ́ kí ni, Àǹtí mi?” ni Gabriel wí. Ohùn rẹ̀ le bó ṣe máa ń le. “Wọ́n ní ara Israel kò yá. Ìyẹn ni mo gbọ́. Ọmọ yìí kò sọ nǹkan míì fún mi láti àárọ̀, omi nìkan ló ń fún mi mu. Mo wá kí àbúrò mi. Níbo ló wà?”

Clara fi ọwọ́ bo ẹnu. Pásítọ̀ fà sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì là á fún un bí ó ti yẹ kí wọ́n là á fún àgbà, ó lọ, ó bọ̀, kó tó dárúkọ ikú. Gabriel tẹ́tí sí i dé òpin. Kò já a lẹ́nu.

Nígbà náà ló kígbe. Ó ṣí fìlà, ó fi bo ojú, ó ń pe Israel, ó ń pè é ní olóríburúkú ọmọ, ó ń pè é ní ọmọ ìyá òun. Kò sí àgàbàgebè nínú ẹkún náà. Gbogbo èyí tí kò sun létí odò ló ń sun.

“Ẹ má jẹ́ kó lọ sí mọ́ṣúárì o,” ni Big Mummy ń wí, òun náà ń sunkún. “Ẹ̀gbọ́n kì í fojú kan òkú àbúrò. Ẹ má jẹ́ kó rí i.”

“Wọn ò ní jẹ́ kí n rí i,” ni Gabriel ń wí nínú fìlà. “Àní n kò ní rí i mọ́.”

Clara sún mọ́ Oyèrónkẹ́ níbi ògiri, ó gbá a mọ́ra. “O ṣeun,” ló wí sí i létí. “O ṣeun tí o gbé e dé bí wọ́n ṣe ní kí o ṣe é.”

Oyèrónkẹ́ kọjá láàárín àwọn ọkùnrin, ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga bàbá rẹ̀. Bàbá kò wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí pásítọ̀ fẹ́ sún ọmọ náà sẹ́yìn kí àwọn àgbà lè ráyè, Gabriel na ọwọ́ kan sílẹ̀ láìmú fìlà kúrò lójú, ó gbé e lé orí rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀.